Ta Ló Ni Ilé-Ìwé Abúlé Wa?

Ìjì kan jà ní abúlé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ó ká páànù mẹ́fà kúrò lórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Bàbá mi ni alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lásìkò náà. Ó wọ agbádá rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí káńsù. Ní káńsù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ páànù kì í ṣe tàwọn, kí Bàbá kọjá sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Àwọn yẹn ní kí hẹ́dímásítà kọ lẹ́tà. Hẹ́dímásítà kọ ọ́, lẹ́tà gba olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Gbogbo òjò ọdún yẹn, àwọn ọmọ Píráímárì Kẹta ń lọ fún ara wọn mọ́ àwọn ti Píráímárì Kẹrin lórí bẹ́ǹṣì. Nígbẹ̀yìn, àwọn òbí ló dáwó ra páànù, káfíńtà abúlé wa ló kàn án, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí gbogbo wọn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin tó de ètò ẹ̀kọ́ ni mo tó rí i pé kò sí ẹni tó parọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ náà. Káńsù kọ́ ló ń kan òrùlé ilé-ìwé. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ò ní owó páànù lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńláńlá ni olú-ìlú sì ń to sínú ìwé tiwọn, páànù mẹ́fà kéré sí ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹnì kan ń san owó oṣù tíṣà, ẹlòmíràn ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, ẹlòmíràn ló ń mú owó ìkọ́lé wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú wa lójú nìyẹn.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára pátákó ilé-ìwé abúlé yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ St. Peter's, Baptist Day tàbí Ansar-Ud-Deen. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ mùsùlùmí ló dá a sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ìdílé kan yọ̀ǹda. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọn ò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954 lé ní 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn, nígbà tó sì di 1976, ìjọba ológun tan ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ká gbogbo Nàìjíríà. Orúkọ ara pátákó ò yí padà, ẹni tó ń náwó sí i ló yí padà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jù ú síra wọn lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1988 láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1991, wọ́n tú àjọ náà ká, wọ́n di gbogbo ẹrù lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ káńsù ò lè gbé e. Àwọn tíṣà ń ṣiṣẹ́ oṣù dé oṣù láìrí owó, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ilé-ìwé wà ní títì pa. Ní 1993, wọ́n tún dá àjọ náà padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó oṣù tíṣà sọ́tọ̀ kí owó ìjọba ìbílẹ̀ tó dé ọwọ́ alága. Ẹ fi ọdún 1991 yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè ti 1999 ò fìgbà kan sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé káńsù yóò bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú pípèsè ẹ̀kọ́ náà àti títọ́jú rẹ̀. Kópa. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló jẹ́ kí alága káńsù lè ya fọ́tò níwájú ilé-ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé tuntun, kó sì tún lè sọ pé ọ̀rọ̀ ò kan òun lọ́jọ́ tí òrùlé bá ṣí.

Ètò tó wà nílẹ̀ lónìí wá láti inú òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004. UBEC ni àjọ ìjọba àpapọ̀, Àbújá ni wọ́n wà. SUBEB ni ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń darí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ SUBEB, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń pè é ní LGEA, àwọn kan ń pè é ní LGUBEA, ọ̀kan náà ni. Akọ̀wé ẹ̀kọ́ ni olórí ibẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ọ̀yọ́, 30 ní Ọ̀ṣun, 16 ní Èkìtì, nítorí náà, ẹ mọ iye akọ̀wé ẹ̀kọ́ tí SUBEB kọ̀ọ̀kan ń bá ṣe. Ọ́fíìsì akọ̀wé ẹ̀kọ́ yìí ló sún mọ́ abúlé jù. Òun ló mọ orúkọ hẹ́dímásítà, òun ló ń rán alábẹ̀wò sí ilé-ìwé. Òun náà sì ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀nà méjì tó gbòòrò ni owó ń gbà dé ilé-ìwé abúlé, àwọn méjèèjì ò sì pàdé.

Ọ̀nà kìíní ni ti owó oṣù. Inú owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lóṣooṣù láti Àbújá ló ti ń wá. Owó náà máa ń kọ́kọ́ wọ àpò àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń lò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà, tí yóò sì gba ọ̀dọ̀ SUBEB dé báńkì. Ìdí nìyí tí alága káńsù fi lè sọ pé owó òun ni wọ́n fi ń san tíṣà, tí kò sì ní lè yan tíṣà kan ṣoṣo tàbí lé e kúrò. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn jó, wọ́n yọ̀. Àyà ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, ni kò balẹ̀. Wọ́n ń béèrè pé ta ni yóò wá máa yọ owó oṣù àwọn sọ́tọ̀. Àwọn kan ní tinú ara wọn nìkan ni tíṣà ń rò. Ẹni tó bá rántí 1991 ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ìkọ́lé. Òfin 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ gbogbogbò, kó fi fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. UBEC ló ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Ká ní ìpín ìpínlẹ̀ kan jẹ́ bílíọ̀nù kan náírà, kó mú bílíọ̀nù kan tirẹ̀ wá, kí wọ́n fi bílíọ̀nù méjì ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ tí kò bá mú nǹkan wá, owó rẹ̀ yóò jókòó sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìròyìn ti jáde pé owó báyìí wà nílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ò wá gbà, nígbà tí àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ yẹn ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí wọ akínyẹmí ara. Bí ẹ bá rí ilé-ìwé abúlé tó ní kíláàsì mẹ́ta tuntun tí wọ́n kun lọ́dà, tí wọ́n kọ UBEC/SUBEB sára ògiri rẹ̀, tí ilé àtijọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń wó, ọ̀nà kejì yìí ló gbà wá. Owó iṣẹ́ àkànṣe ni. Agbaṣẹ́ṣe ló ń gbà á. Kò sí bí hẹ́dímásítà ṣe lè bù nínú rẹ̀ fi tún òrùlé ṣe.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Owó oṣù ní ọ̀nà tirẹ̀. Ilé tuntun ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà wo ni ṣọ́ọ̀kì ń gbà? Ọ̀nà wo ni rẹ́jísítà, kọ́kọ́rọ́ tó bàjẹ́, ilẹ̀kùn tó yọ, àti páànù mẹ́fà ń gbà? Èrò tèmi ni pé ibí ni ìṣòro ilé-ìwé abúlé wà, ju ibikíbi lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń fún hẹ́dímásítà ní owó táṣẹ́rẹ́ fún ìnáwó ojoojúmọ́. Níbi tó bá ti ń dé déédéé, ìyàtọ̀ máa ń hàn. Níbi tí kò ti dé, àpò hẹ́dímásítà ni ṣọ́ọ̀kì ti ń jáde, tàbí àpò àwọn òbí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òfin pè é. Ohun tí òfin 2004 kà sí ọ̀fẹ́ ni ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkàwé, àga àti tábìlì, títí kan oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ lè san owó ìtanràn tó tó 10,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òbí tó bá sì kọ̀ láti rán ọmọ lọ sílé-ìwé, ìkìlọ̀ ni yóò gbà lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, 2,000 náírà ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Àárín òfin yìí àti páálí ṣọ́ọ̀kì tó ti ṣófo ni hẹ́dímásítà dúró sí. Mi ò lè bá a jà bó bá ní kí ẹgbẹ́ òbí dá ohun tí agbára wọ́n ká. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ ọdún méje padà sílé nítorí owó yẹn, wọ́n ti rú òfin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ní ti oúnjẹ, ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn, fún Píráímárì Kìíní dé Ìkẹta, 70 náírà fún ọmọ kan lójúmọ́. Ọ̀ṣun ti ń ṣe tirẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ abúlé rí mọ ohun tí abọ́ ìrẹsì kan lè ṣe fún ọmọ tó rin máìlì méjì lórí ikùn òfo.

Ọ̀rọ̀ tíṣà ló kàn. SUBEB ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, ọ́fíìsì akọ̀wé ẹ̀kọ́ ló ń pín wọn sí ilé-ìwé. Ìwé ẹ̀rí NCE ni ó kéré jù tí tíṣà gbọ́dọ̀ ní. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ má ju 35 lọ fún tíṣà kan. Iye yìí máa ń tan èèyàn jẹ ní abúlé. Ẹ gbà pé ilé-ìwé kan ní ọmọ 72 àti tíṣà mẹ́ta. Bí ẹ bá pín in, ọmọ 24 ló bọ́ sọ́wọ́ tíṣà kan, ó sì dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n kíláàsì mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

Mo ti jókòó lẹ́yìn irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀. Apá òsì jẹ́ ti Píráímárì Kẹta, apá ọ̀tún jẹ́ ti Ìkẹrin. Ó kọ ìsirò ìyọkúrò sí òsì, ó ní kí wọ́n máa ṣe é, ó kọjá sí ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ ìdá. Kò tíì parí gbólóhùn rẹ̀ tí ọmọ apá òsì kan fi nawọ́ sókè. Ó padà. Apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Nígbà tí agogo máa lù, ìdajì iṣẹ́ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí gbà, ohùn tíṣà náà sì ti há. Kò ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì lójú mi, wọ́n sì ń san owó ẹnì kan fún un.

Kí ló dé tí tíṣà kì í fi pẹ́ ní abúlé? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé tíṣà ò sí, ìlú ló ti ń wá. Ká ní 1,500 náírà ni owó ọ̀kadà lọ àti bọ̀. Bó bá wá fún ọjọ́ 22 lóṣù, 33,000 náírà ti lọ sójú ọ̀nà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Lóòótọ́, tíṣà tó ní NCE ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá kiri láti gba ìwé àtipadà sí ìlú, tí àwọn tó kù fi ń wá lọ́jọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ní Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé ọdún 2020, Ààrẹ Buhari kéde pé àwọn tíṣà ìgbèríko yóò máa gba àjẹmọ́nú tiwọn. Ní 2022, òfin jáde pé tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí kó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ti 2022 yẹn dára, ó jẹ́ kí ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 63 ò ní fẹ́ gun ọ̀kadà gba ọ̀nà pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lójoojúmọ́.

Ó tún wá ku bí a ṣe máa mọ̀ bóyá ilé-ìwé náà ń ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ òbí, iye ọmọ tó yege nínú ìdánwò àṣewọlé gírámà ni wọ́n ń wò. Fún ilé-ìwé ńlá, ó lè dára. Ní abúlé, ẹ ṣọ́ra. Bí ọmọ mẹ́jọ péré bá wà ní Píráímárì Kẹfà, tí márùn-ún yege lọ́dún tó kọjá, ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí méje bá yege lọ́dún yìí, ó ti di 87.5. Wọ́n á máa pariwo pé hẹ́dímásítà tuntun ti tún ilé-ìwé ṣe. Ọmọ méjì ni gbogbo ìyàtọ̀ yẹn. Ọmọ kan ní ibà lọ́jọ́ ìdánwò, orúkọ ilé-ìwé bàjẹ́. Ọmọ tíṣà méjì bọ́ sí kíláàsì kan náà, orúkọ rẹ̀ dún. Ẹ kó ọdún márùn-ún pọ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè ni rẹ́jísítà. Mo fẹ́ mọ iye ọmọ tó wọ Píráímárì Kìíní lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kí n tó wo àwọn mẹ́jọ tó kù ní Kẹfà. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún nígbà náà, níbo ni àwọn méjìlá wà? Àwọn kan bá òbí wọn lọ sí ìlú, wọ́n ń kàwé níbòmíràn, kò burú. Àwọn kan wà lóko. Rẹ́jísítà yìí kan náà ló máa fi hàn yín pé ọjọ́ ọjà ni àga máa ń ṣófo jù, àti pé àkókò tí wọ́n ń ká kòkó, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá, àwọn ọmọkùnrin ńlá máa ń dàwátì. Kò sí ìdánwò tó ń sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn rẹ́jísítà, ẹ mú ọmọ Píráímárì Kẹrin kan tí ẹ ò yàn tẹ́lẹ̀. Ẹ fún un ní ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá, kó kà á, kó sì sọ ohun tó yé e. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí n jẹ́ kó ka ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n tún fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Mi ò fara mọ́ ìfagilé yẹn rárá. Ọmọ abúlé tó ń gbọ́ Yorùbá láti òórọ̀ dé alẹ́, tí ẹ wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìsirò, ẹrù méjì lẹ gbé lé e lórí.

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n kúkú pa àwọn ilé-ìwé kéékèèké pọ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ níbi tí ilé-ìwé mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú hẹ́dímásítà tirẹ̀ àti ọmọ ogójì, bá wà lójú ọ̀nà kan náà nítorí pé ìjọ mẹ́ta ló dá wọn sílẹ̀ láyé àtijọ́. Kò sí òótọ́ nínú rẹ̀ níbi tí ọmọ ọdún mẹ́fà máa ti la odò kọjá.

Bí ìjì bá wá ká páànù lónìí ńkọ́? Láti 2005 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC. Báálẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ ń jókòó níbẹ̀, hẹ́dímásítà, àwọn òbí, àwọn obìnrin, àwọn tó ti jáde nílé-ìwé náà, àti ọmọ ilé-ìwé. Ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, nítorí pé gbogbo abúlé ló wà nínú rẹ̀, ó sì láṣẹ láti wo ìwé owó. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ yìí fi orúkọ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà, pẹ̀lú fọ́tò òrùlé àti iye tí káfíńtà ní yóò gbà. Akọ̀wé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe alága káńsù. Bó bá jẹ́ tíṣà ni kò wá, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹ̀kọ́ kan náà ni. Bó bá jẹ́ ilé tí agbaṣẹ́ṣe pa tì, SUBEB ni. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìpínlẹ̀ yín ò tíì gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ kí ti UBEC lè jáde, aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni kí ẹ lọ bá, kó béèrè nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò ètò ìṣúná.

Kí ẹni tó gbé lẹ́tà náà lọ mú ẹ̀dà méjì dání. Kó fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọ́fíìsì àti déètì sí èkejì níṣojú rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀, kó sì lọ fi í pamọ́ sílé Báálẹ̀. Lẹ́tà tí hẹ́dímásítà wa kọ nígbà ayé Bàbá, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.